Ẹ̀mú Ọwọ́ Mi àti Ẹ̀rọ Tó Sọ Gbogbo Ògún di Olú

Kò sí ẹni tó mọ lẹ́tà tò ju èmi Làmídì Àkànní lọ ní gbogbo Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dé ọ̀nà tó jáde lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni, nítorí kò sí ẹni tó kù tó máa bá mi jiyàn. Lára àwọn tá a jọ ń ṣe é, àwọn kan ti di awakọ̀, àwọn kan ti padà sóko, àwọn kan ti kú. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kú. Ọba ìlú tó ti tú ni mo jẹ́: adé wà lórí, kò sí ará ìlú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá a níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, òjé ni a fi ń tẹ̀wé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró fúnra rẹ̀, kò gùn ju ìdajì ìka lọ, wọ́n sì gbẹ́ orí rẹ̀ sódì kí ó lè hàn dáadáa nígbà tó bá kan bébà. Inú àpótí onígi tó ní yàrá wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tiẹ̀. Atòlẹ́tà á dúró níwájú àpótí, á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú irin pẹlẹbẹ tó dì mú lọ́wọ́ òsì, títí ìlà kan yóò fi kún. Ìlà á pọ̀, á di ojú ewé. A ó fi okùn dì í, a ó gbé e sínú férémù irin, a ó fún un pinpin, ó di orí ẹ̀rọ. Tí àṣìṣe bá wà, tàbí tí oníbàárà bá yí ọkàn padà, ẹ̀mú kékeré la fi ń fa lẹ́tà yọ, a ó fi òmíràn rọ́pò. Ẹ̀mú yẹn ni idà mi.

Ìwé kẹta ni mo kà kúrò nílé ẹ̀kọ́, mi ò fi bò. Bàbá Sùnmọ́nù tó kọ́ mi níṣẹ́ kò tilẹ̀ kà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí bàbá náà mọ̀ ni bí a ṣe ń wá nǹkan. Oníbàárà lè dé nígbà tí iṣẹ́ ti parí, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí Ìbàdàn, Ìlọrin ni kí ẹ fi síbẹ̀.” Nínú odidi ìwé! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè. Bàbá Sùnmọ́nù gbá mi lọ́rùn.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mò ń wá Ìbàdàn, Bàbá.”

“Ìtàn lò ń kà. O ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́! Ẹni tó bá ń kàwé kò ní rí nǹkan kan. Ojú ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù kì í wo aṣọ ẹni tó pàdé lọ́nà.”

Ó kọ́ mi kí n mú àwòrán ọ̀rọ̀ tí mò ń wá sójú, kí n jẹ́ kí ìyókù máa ṣàn kọjá bí omi. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè mí. Ìyá ìyàwó kan sáré wọlé lọ́jọ́ kan, gèlè rẹ̀ ti wọ́. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ. Ó ní ọmọ náà kò fẹ́ Sámúẹ́lì mọ́, Jọ́ọ̀jì ló fẹ́. Ọjọ́ kò yí padà, ṣọ́ọ̀ṣì kò yí padà, oúnjẹ kò yí padà. Mo fi ẹ̀mú fa Sámúẹ́lì jáde ní gbogbo ibi tó sá pamọ́ sí, mo fi Jọ́ọ̀jì jókòó síbẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ṣì wà pọ̀. Ẹ wá ẹlòmíràn fún mi tó fi ẹ̀mú lé ọkọ jáde nílé.

Ọ̀gá Dúró ló ni ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣe gbogbo èyí, ní Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Ní ìparí àwọn ọdún tí nǹkan le yẹn, tí bébà di ohun tí à ń fi ojú wúrà wò, ó lọ sí Ìbàdàn, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Obìnrin kan tẹ̀ lé e wá tó ń jẹ́ Mojísọ́lá, ìyàwó ilé tó ti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí yàrá tí wọ́n fi fáànù sí. Èmi tí mo ti ń làágùn nínú ilé yẹn láti ìgbà èwe mi, kò sẹ́ni tó ra fáànù fún mi rí.

Ọ̀gá Dúró pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Làmídì, tí ẹ̀rọ yìí bá lè ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, a máa ta òjé.”

“Ta ló fẹ́ ra lẹ́tà lọ́wọ́ wa, ọ̀gá?”

“Kò sẹ́ni tó fẹ́ ra lẹ́tà. Òjé ni wọ́n fẹ́ rà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ ọ fún ọta ìbọn ọdẹ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń rántí jù. Ó hàn gbangba pé tí òjé bá jáde nílé náà, èmi náà jáde nìyẹn, nítorí n kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Síbẹ̀, ẹ̀rù kò bà mí. Mo rò pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ní irú ojú mi.

Ojú fèrèsé ni mo ti ń yọ́ wò wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan, títí Mojísọ́lá fi pè mí wọlé.

“Bọ̀dá Làmídì, ẹ wọlé wá wò ó dáadáa. Ọrùn yín á wọ́ níbẹ̀ yẹn.”

“Ọrùn tèmi lágbára, Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Kí ni nǹkan yín yìí lè ṣe?”

Ó fi hàn mí. Ó ní òun lè sọ fún un pé kó wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kò jọ mí lójú, mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí i. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan péré, òun lè fún un ní àpèjúwe.

“Àpèjúwe bí i ti báwo?”

“Mo lè ní kó wá ọ̀rọ̀ yòówù tó bá fi báyìí bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kó wà nídìí rẹ̀. Àmì kan wà tí mo máa tẹ̀ tó dúró fún ‘ohun yòówù’ yẹn. Á gé orí ọ̀rọ̀ náà, á fi orí mìíràn sí i, kò ní fọwọ́ kan ìdí.”

Mo ronú sí i. “Bí ewúrẹ́ tí a gé létí nìyẹn? Èyí tó bá ní gígé, tèmi ni, mú un wá?”

“Ẹ̀hẹ́n! Bọ̀dá, ẹ mà mọ̀ ọ́n.”

“Tí aládùúgbò bá gé ti tiẹ̀ bí mo ṣe gé tèmi ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Á kó ti aládùúgbò náà wá. Ìdí tí wọ́n fi fún un lẹ́nu láti béèrè nìyẹn.”

Ó ní ọ̀nà méjì ni a lè gbà rán an níṣẹ́. A lè ní kó máa béèrè: tó bá ti rí ọ̀kan, á dúró, á ní ṣé kí n yí èyí? Ẹ ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tàbí kí a sọ fún un pé kó má béèrè nǹkan kan, kó kàn máa lọ. “Ẹni tó bá gbọ́n,” Mojísọ́lá wí, “á jẹ́ kó máa béèrè.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, òun kọ́ ni ọ̀tá mi.

Iṣẹ́ tó dán wa wò dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Alàgbà Olúdìran, oníṣòwò ńlá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, kọ ìtàn ìdílé wọn, ó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó pe ènìyàn wá síbi ìkójáde rẹ̀. Ìran alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí. Ọmọ tí wọ́n bí nídìí owú, Ògún ni yóò wà lórí orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí Ògún kúrò lórí, wọ́n fi Olú dé e. Ìdí orúkọ kò yí: Ògúndélé di Olúdélé, Ògúndìran di Olúdìran. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ṣe ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n bí wọn ni Alàgbà kọ́kọ́ kọ ọ́. Mo ti to gbogbo rẹ̀ pátá, ojú ewé rẹ̀ ti wà nínú okùn. Ọ̀gá Dúró sì ti ní kí Mojísọ́lá tẹ ìwé kan náà sínú kọ̀ǹpútà, kí òun fi wo agbára ẹ̀rọ náà.

Alàgbà dé, ó jókòó, ó nu ojú.

“Àwọn ọmọ mi kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní pásítọ̀ ló máa gbàdúrà sí ìwé yìí, ṣé Ògún ni kó máa kà jáde lójú ewé kọ̀ọ̀kan? Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò. Olú ni kó wà níbẹ̀.”

“Gbogbo rẹ̀, Alàgbà?” mo béèrè.

“Ẹ yọ bàbá wa sílẹ̀. Ògúndìran ni wọ́n pè é títí tó fi wọlẹ̀, kò ṣe ìgbàgbọ́. Ẹ yọ àwọn tó kú bẹ́ẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹ sì yọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sílẹ̀, Ìyá Alágbẹ̀dẹ, tó ṣì wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ògúnwándé ni orúkọ rẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ kan ìyẹn, ọmọ owú ló máa fi lé mi jáde ládùúgbò.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Dúró rí ààyè tirẹ̀.

“Ó dáa. Làmídì, fi ẹ̀mú rẹ ṣe é. Mojísọ́lá, fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ọjọ́ Jímọ̀ Alàgbà á padà wá mú èyí tó bá wù wọ́n. Èyí tí wọn ò bá mú, a ta á.”

“Ṣé ẹ máa ta Mojísọ́lá ni, ọ̀gá?”

Kò rẹ́rìn-ín.

Mo kó àwọn ojú ewé mi sórí tábìlì. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Lẹ́tà tó wà nínú Ògún ju ti Olú lọ, tí ẹ bá fa Ògún yọ, tí ẹ fi Olú sí i, ìlà náà á dẹ̀. Tí ìlà bá dẹ̀, tí ẹ gbé férémù sókè báyìí, òjé á ya sílẹ̀ bí ẹ̀wà inú àpò tó já. Nítorí náà, ibi tí mo bá ti yọ Ògún, mo gbọ́dọ̀ wá òjé òfìfo tín-ínrín tó máa dí àlàfo náà, kí ìlà le gírígírí. Ìka mi ń sọ èyí tó yẹ fún mi. N kò wò ó. Wọ̀láhì, n kò wò ó.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹ̀mú. Mo rí Ògúnbíyìí, mo rí Ògúnṣọlá, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ṣe ìgbàgbọ́ kó tó kú nínú wọn? Ojú Àwòdì kò lè rí ìyẹn lórí òjé. Kọ̀ǹpútà kò lè rí i pẹ̀lú. Mo dìde, mo gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ.

Mo bá Ìyá Alágbẹ̀dẹ lórí àpótí níwájú ilé àgbẹ̀dẹ wọn, níbi tí ẹ̀wìrì ti ń fẹ́ iná lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mọ ìyá mi dáadáa.

“Ẹ kú ìjókòó, Ìyá.”

“Àkànní! Ìwọ tí o kì í yọjú àfi tí ọ̀bẹ yín bá kú. Ṣé àlàáfíà lo wá?”

“Àlàáfíà ni, Ìyá. Orúkọ àwọn ará ilé yín ni mo wá bi yín.”

“Wọ́n sọnù ni?”

“Àbúrò yín tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ fẹ́ pààrọ̀ wọn ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn.”

Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa pe orúkọ náà. Mo pe Ògúnbíyìí. “Fi í sílẹ̀, ìdí iná yìí ló kú sí.” Mo pe Ògúndélé. “Yí tiẹ̀. Ó ṣe ìrìbọmi, ó sì pa ẹran sí i, èmi náà jẹ níbẹ̀.” Mo pe Ògúnṣọlá.

“Ìyẹn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ó ń wá síbí nírọ̀lẹ́. Fi méjèèjì sí i.”

“Ìwé kò gba bẹ́ẹ̀, Ìyá.”

“A jẹ́ pé ìwé yín kéré.”

A bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí orúkọ fi tán. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, wọ́n di ọwọ́ aṣọ mi mú.

“Tèmi ńkọ́?”

“Wọ́n ní kí a má fọwọ́ kàn án, Ìyá.”

“Gbọ́, Àkànní. Ọmọ tí mo bí kò dúró. Kò sí ẹni tí wọ́n máa pè ní ọmọ Ògúnwándé lẹ́yìn mi. Ibi tí o bá tẹ̀ mí sí yẹn, ibẹ̀ nìkan ni mo máa wà. Kí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́?”

“Òjé ni, Ìyá.”

“Òjé.” Ó dùn mọ́ wọn. “Òjé mọ ilé wa. Máa lọ.”

Mo padà síbi iṣẹ́, mo ṣe é bí ẹni ń kírun. Ẹni tó yẹ kó yí, mo yí i. Ẹni tó yẹ kó dúró, mo fi í sílẹ̀. Mo to Ògúnwándé tuntun, mo wá lẹ́tà tí ojú wọn kò tíì jẹ, mo fi wọ́n rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é.

Nínú yàrá kejì, Mojísọ́lá ní kí ẹ̀rọ máa béèrè. Ó ti sọ àpèjúwe fún un: ọ̀rọ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ògún, tí lẹ́tà ńlá sì wà níwájú rẹ̀, kó má baà lọ kọlu ogun tí àwọn baba wọn jà. Mo ti fún un ní orúkọ àwọn tí Ìyá ní kí a fi sílẹ̀. Ó ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó ń tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Iná lọ. Nígbà tí iná dé, gbogbo bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ tó ti tẹ̀ ti pòórá. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Iná tún lọ. Nígbà tó tún dé, Ọ̀gá Dúró ti dúró sí i lẹ́yìn.

“Ìbéèrè ẹ̀rọ yìí pọ̀ jù! Ṣé ọlọ́pàá ni? Ní kó má béèrè mọ́.”

“Ọ̀gá, á kó àwọn tí wọ́n ní kí a yọ sílẹ̀ mọ́ ọn.”

“Wàá padà tún wọn ṣe. Tẹ̀ ẹ́ jáde ná, kí iná tó lọ.”

Mojísọ́lá wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, kí n tó fi ẹ̀mú gbé lẹ́tà kan, ó ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. Kò sí Ògún kan tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ń pọ bébà jáde. Bó ṣe pọ èyí tó gbẹ̀yìn ni iná lọ, kò sì padà dé títí Alàgbà fi wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mojísọ́lá kò rí àyè tún ẹnì kankan ṣe.

Tèmi ni Alàgbà kọ́kọ́ kà. Ó yìn ín. Ó rí ibì kan tí Ògún kan ṣì jókòó sí láìyí. Òkùnkùn inú yàrá mi ló fà á, wọn kò ra gílóòbù tuntun fún mi láti ọdún tó kọjá. Mo ní n óò yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò burú. Lẹ́yìn náà ló mú ti kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

“‘Olúdìran, alágbẹ̀dẹ pàtàkì, ló tẹ ilé àgbẹ̀dẹ wa dó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́...’”

Ó dúró. Òógùn bo Ọ̀gá Dúró. Mojísọ́lá dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, a máa tún un ṣe. Iná ló...”

Alàgbà gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó ṣí òmíràn. Kí n má parọ́, inú mi ti ń dùn. Mo ti ń wo ibi tí wọ́n máa gbé kọ̀ǹpútà náà gbà jáde, mo sì ti ń wo ibi tí fáànù máa wà ní ọ̀dọ̀ mi.

“Olúdìran bí Olúdìran,” Alàgbà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. “Ó mà dùn létí. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Alàgbà,” mo wí, “ẹ̀yin lẹ ní kí a má fọwọ́ kan bàbá yín.”

“Mo mọ ohun tí mo wí, Làmídì. Èmi pẹ̀lú kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀rọ ló ṣe é.”

“Ìyá Alágbẹ̀dẹ ńkọ́?”

Ó ti ń ká bébà náà pọ̀. Kò wojú mi.

“Ṣé wọ́n mọ̀wé kà ni?”

Fáànù kò yí, nítorí kò sí iná. Mo ti ń gbàdúrà pé kí ẹ̀rọ náà ṣìṣe, ó sì ṣìṣe. Mo rò pé àṣìṣe ni oníbàárà máa ń sá fún. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè máa wá ẹni tó máa bá òun ṣe àṣìṣe kan, kí ọwọ́ òun lè mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Dúró ní kí n kó òjé lọ fún àwọn tó rà á. N kò béèrè àwọn wo ni. Bí wọ́n ṣe júwe ilé náà ni mo ti mọ̀. Mo da àpótí kọ̀ọ̀kan sínú àpò, lẹ́tà tí mo ti mọ yàrá wọn lójú òkùnkùn dà pọ̀ gììrì, kò sí a, kò sí b mọ́. Mo kó wọn sórí ọmọlàǹkẹ́, mo gbé ojú ewé ìwé Alàgbà lé wọn lórí, nínú okùn wọn. Mo tì í dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó mọ̀ mí lọ́nà ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́. Mo ń dáhùn.

Ìyá Alágbẹ̀dẹ wà lórí àpótí wọn.

“Àkànní, kí lò ń tì bọ̀ yẹn?”

“Òjé ni, Ìyá. Wọ́n ti tà á.”

“Ìwé àbúrò mi ńkọ́? Ó ti jáde? Orúkọ mi wà níbẹ̀?”

“Mo tò ó, Ìyá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tò ó.”

Wọ́n wò mí títí.

“Mi ò bi ọ́ pé ta ló tò ó.”

Mo yíjú sí ọmọlàǹkẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àpò kalẹ̀. Àwọn ọmọ àgbẹ̀dẹ ti gbé ìkòkò irin kaná, wọ́n ti ń da àpò àkọ́kọ́ sí i. Òjé kì í pariwo nínú iná. Á dúró bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, lẹ́yìn náà á kàn tẹ̀, á di omi.

“Yọ tèmi kúrò níbẹ̀,” Ìyá wí, “kí wọ́n tó dà á.”

Mo tú okùn ojú ewé tí wọ́n wà. Mo fa ẹ̀mú yọ lápò, mo gbé Ògúnwándé jáde lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, mo tò wọ́n sọ́wọ́. Ìyá fa òwú kan yọ létí ìró wọn, mo fi dì í. Wọ́n gbà á, wọ́n fi àtàǹpàkò pa orí rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ kókó aṣọ. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àwọn ọmọ àgbẹ̀dẹ, wọ́n ní, “Ẹ da ìyókù sí i.” Ojú mi báyìí ni ìtàn gbogbo ilé wọn ṣe di ọta ìbọn.

Ọ̀gá Dúró kò lé mi. Ó ní kí n máa gé bébà, kí n máa gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo rí òjé kan tàbí méjì lábẹ́ tábìlì, lẹ́yìn náà n kò lọ mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà báyìí, mo ń gbẹ́ òǹtẹ̀ onírọ́bà ní Sábó fún àwọn oníṣòwò àti àwọn akọ̀wé. Mo gbẹ́ ẹ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó máa ń gbà mí lákòókò díẹ̀ lóòjọ́, ìyókù ọjọ́ mo ń wo ọ̀nà.

Ìyá Alágbẹ̀dẹ ti kú. Wọ́n fi ìwé ìsìnkú ránṣẹ́ sí mi, kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́, ó mọ́ fínnífínní. Màmá Olúwándé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alágbẹ̀dẹ wá sí Sábó lẹ́yìn ìsìnkú, ó tú ìdí aṣọ kan, ó na ẹrù kékeré kan sí mi. Òwú náà ti dúdú, ó ṣì le gírígírí. Ó ní Ìyá ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó tò ó.

Mo gbé e sórí tábìlì mi láàárín àwọn òǹtẹ̀ mìíràn. Nígbà tí ọjà kò bá sí, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ tàdáwà, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tí kò wúlò. Á jáde ketekete, lẹ́tà kan kò yẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń rí i, wọ́n á ní òǹtẹ̀ ta nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé oníǹkan kò tíì wá gbà á.